Níbo ni agbára inú ìtàn àràmàǹdà ti ń wá, ṣé dandan sì ni kí òǹkọ̀wé sọ ọ́?

Òǹkọ̀wé_Òru

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òǹkàwé àti òǹkọ̀wé ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo ní kí n gbé e wá síbí.

Mò ń kọ ìtàn àràmàǹdà, irú èyí tí gbogbo ayé ń pè ní fántásì. Ilẹ̀ tí mo fi ọkàn ara mi dá ni. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu tún ohun tó bá fọ́ ṣe. Á bá ìkòkò tó là sọ̀rọ̀, ìkòkò á padà lẹ̀. Á bá egungun tó dá sọ̀rọ̀, egungun á so. Ní orí ogún, ó bá ọkàn arúgbó atukọ̀ kan tó ń kú lọ sọ̀rọ̀, ọkàn náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ọjọ́ tí mo kọ ibẹ̀ tán, mo sunkún.

Ẹni tí mo fún kà kò sunkún. Ìbéèrè méjì ló bi mí: níbo ni agbára yìí ti wá? Bó bá sì lè ṣe irú èyí, kí ló dé tí ìyá rẹ̀ fi kú sí i lọ́wọ́ ní orí kejì?

Mi ò rí èsì fọ̀. Láti ìgbà náà mo ti kọ orísun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún agbára náà: òkúta kan tó gbé mì, ẹ̀jẹ̀ ìdílé, ẹ̀mí inú odò, ìràwọ̀ tó já lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Gbogbo wọn rí bí ìrépé aṣọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibi tó ya. Ṣé dandan ni kí n sọ ibi tó ti wá?

Ìkùukùu

Mo kí yín, Òǹkọ̀wé_Òru. Èsì tèmi kúrú: kò pọndandan. Ní kété tí ẹ bá ti ṣàlàyé agbára tán, ẹ ti sọ ọ́ di iná mànàmáná, kò sẹ́ni tí ẹnu ń yà mọ́ tó bá tan iná.

Ẹ wo Gandalf, oṣó inú The Lord of the Rings, ìwé ńlá Tolkien tó jáde ní 1954 sí 1955. Kò síbi tó ti jókòó sọ fún ẹnikẹ́ni bí agbára òun ṣe ń ṣiṣẹ́. Inú àwọn ìwé tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé ni àlàyé kíkún wà nípa irú ẹ̀dá tó jẹ́. Ibi tí mo fẹ́ràn jù lọ ni ibi tí Galadriel, ayaba kan tó ní agbára, ti sọ fún Sam, ìránṣẹ́ lásán, pé ohun tí wọ́n ń pè ní idán kò yé òun dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n tún fi ń pe ẹ̀tàn ọ̀tá. Ohun tó jẹ́ àrà lójú Sam, iṣẹ́ òòjọ́ ni lójú rẹ̀. Mo ka ibẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Tó bá jẹ́ pé ó ṣàlàyé ni, mi ò bá ti gbàgbé.

Ẹ̀rọ_Àti_Òfin

Ẹ̀gbọ́n Ìkùukùu, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ni àpẹẹrẹ yín ń gbè. A ò mọ ibi tí agbára Gandalf pin sí, ìdí nìyẹn tí òǹkọ̀wé ò fi jẹ́ kó fi agbára náà parí iṣẹ́. Ta ló ru òrùka burúkú tí gbogbo ìtàn náà dá lé dé orí òkè iná tí wọ́n ti lè yọ́ ọ? Sam àti Frodo ọ̀gá rẹ̀ ni, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín, pẹ̀lú ebi àti òùngbẹ. Ká ní Gandalf ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yọ́ òrùka yẹn, à bá ju ìwé náà nù.

Brandon Sanderson, òǹkọ̀wé fántásì, kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní 2007, ó sì pè é ní òfin: bí òǹkàwé bá ṣe lóye agbára tó ni òǹkọ̀wé ṣe lè fi agbára náà tú kókó ìtàn tó, tí òǹkàwé á sì gbà. Ó ti fi ṣe ìwà hù nínú ìwé Mistborn tó jáde ní 2006. Níbẹ̀, irin tí èèyàn bá gbé mì ló ń jó nínú rẹ̀ bí epo, iṣẹ́ tí irin kọ̀ọ̀kan ń ṣe sì yàtọ̀: ọ̀kan ń fa irin mìíràn mọ́ra, ọ̀kan ń tì í sẹ́yìn, ọ̀kan ń fún ara lágbára. Tí irin inú bá tán, agbára tán nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bá há ọmọbìnrin inú ìwé yẹn mọ́ kọ̀rọ̀, èmi alára ń ṣírò ohun tó kù fún un.

Òǹkọ̀wé_Òru, kókó tó le jù nínú ìwé yín lẹ fi agbára yìí tú ní orí ogún. Nítorí náà, ẹ jẹ òǹkàwé ní gbèsè.

Eléré_Orí_Tábìlì

Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un. Jack Vance ní tirẹ̀, nínú The Dying Earth ní 1950, kò fi orísun dá ẹnikẹ́ni lóró. Oṣó inú ìwé rẹ̀ á há ọfọ̀ sórí, ìwọ̀nba díẹ̀ ni orí èèyàn lè gbà lẹ́ẹ̀kan, bó bá sì ti pè é tán, ọfọ̀ náà á pòórá lórí rẹ̀ títí yóò fi tún un há. Ohun tí eré orí tábìlì Dungeons & Dragons mú lò nìyẹn ní 1974. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ń ta eré náà, a kì í béèrè ibi tí ọfọ̀ ti wá. Mélòó ló kù lọ́wọ́ rẹ là ń béèrè.

Ààlà ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe orísun.

Ìyá_Àkàgbádùn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ọdún púpọ̀ ni mo fi kọ́ ọmọ ilé ìwé ní lítíréṣọ̀, ẹ jẹ́ kí n wí tèmi.

Ẹ gbọ́ ná, kí ni ẹ ń pè é? Òǹkọ̀wé_Òru pè é ní agbára. Ìkùukùu pè é ní idán, ó tún pè é ní àrà. Eléré pè é ní ọfọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, magic, tó da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú àpò kan, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ronú fi ní láti jókòó máa wá orísun. Nínú èdè tiwa, orísun ti wà nínú orúkọ. Ẹ bá pè é ní oògùn, ewé àti egbò ló ti wá, ẹnì kan ló sè é tàbí tó gún un, ó lè tán, wọ́n lè jí i. Ẹ bá pè é ní ọfọ̀, ẹnu ló ti wá, ẹni tí kò bá rántí ọ̀rọ̀ náà kò ní nǹkan kan. Ẹ bá pè é ní idán, ọwọ́ tó yá ló ti wá, ojú àwọn tó ń wò ó sì ni iṣẹ́ náà ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ bá pè é ní àṣẹ, a jẹ́ pé ẹnì kan tó ga ju ẹni tó ń lò ó lọ ló fún un. Fágúnwà kò wá ọ̀rọ̀ kan tó máa gba gbogbo rẹ̀ nígbà tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Orúkọ ọdẹ inú ìwé náà gan-an ni Àkàrà-oògùn. Ẹ ti gbọ́ orísun kí ó tó yin ìbọn kan.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò yẹn pàápàá, ibi tó ti wá yẹ ní gbígbọ́. Àwọn àlùfáà ilẹ̀ Páṣíà ni wọ́n ń pè ní maguš. Àwọn Gíríìkì gbọ́ ọ, wọ́n pè wọ́n ní magos, wọ́n sì sọ iṣẹ́ wọn ní mageia. Láàárín ìgbà díẹ̀, ohun tó jẹ́ ìjọsìn fún ará Páṣíà ti di ohun ìfura lẹ́nu ará Gíríìsì. Ohun tó kọjú sí ẹnì kan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Nítorí náà, ìwọ Òǹkọ̀wé_Òru, kí o tó bi mí níbo ni agbára ọmọ yẹn ti wá, sọ fún mi ohun tí àwọn ará ìlú rẹ̀ ń pè é, àti ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń pè é nígbà tó bá dá wà.

Òǹkọ̀wé_Òru

Mà, ẹ ṣé gan-an. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo ìwé mi ni. Nínú orí mẹ́tàlélógún, kò sí ibì kan tí ẹnikẹ́ni ti pè é lórúkọ. "Agbára rẹ̀" ni mò ń kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìyá_Àkàgbádùn

Mo fura bẹ́ẹ̀.

Òpìtàn_Kékeré

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tí a rò pé àwọn òǹkọ̀wé òde òní ló dá a sílẹ̀ ti dàgbà jù wọ́n lọ fíìfíì. Ẹ gbà kí n sọ ìtàn méjì.

Èkíní, ti Íjíbítì, inú ìwé papírọ́ọ̀sì kan tó ti lé ní 3,000 ọdún ló wà, ó sì wà ní ìlú Turin ní Ítálì báyìí. Isis, òrìṣà obìnrin kan, fẹ́ ní agbára Ra, ọlọ́run oòrùn tó ti ń darúgbó, tí itọ́ ń kán lẹ́nu rẹ̀. Ó po itọ́ náà mọ́ erùpẹ̀, ó fi mọ ejò, ejò bu Ra jẹ. Oró mú un. Isis ní òun lè wò ó, àfi tó bá sọ orúkọ rẹ̀. Ra ka oríkì ara rẹ̀ jọ lọ́kan-ò-jọ̀kan, oró ò lọ. Ìgbà tó sọ orúkọ ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ fún un ni ara tó tù ú. Nígbà tí Ursula Le Guin wá kọ A Wizard of Earthsea ní 1968, tí gbogbo nǹkan ayé ibẹ̀ ní orúkọ òtítọ́, tí èèyàn kì í sì í sọ tirẹ̀ fún ẹni tí kò bá lè fọkàn tán, orí ilẹ̀ tí wọ́n ti rò tipẹ́tipẹ́ ló kọ́lé sí. Ọmọ onímọ̀ ẹ̀dá àti àṣà ni Le Guin, ó mọ ibi tó ń gbẹ́.

Èkejì ni mo rò pé ó kan Òǹkọ̀wé_Òru jù. Kalevala ti àwọn ará Finland ni, Elias Lönnrot ló kó orin àtẹnudẹ́nu wọn jọ tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1835. Väinämöinen, arúgbó akọrin, ń fi àáké gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi, àáké ṣá a lórúnkún. Ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ó wá bàbá àgbà kan lọ tó mọ̀ nípa dídá ẹ̀jẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n bàbá náà kò lè ṣe nǹkan kan, nítorí kò rántí bí irin ṣe dé ayé. Väinämöinen tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un: wàrà ọmú àwọn wúńdíá mẹ́ta tó kán sílẹ̀ ló di irin, bí irin ṣe sá fún iná, bí alágbẹ̀dẹ ṣe wá a rí. Ìgbà tí bàbá náà gbọ́ ìtàn náà tán ló tó lè bá irin wí, tí ẹ̀jẹ̀ sì dá.

Ẹ kíyè sí i: nínú ìtàn yẹn, mímọ ibi tí nǹkan ti wá ni agbára náà fúnra rẹ̀. Ohun tí a ń pè ní ayájọ́ ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn gan-an, ó ń pa ìtàn ìgbà tí nǹkan kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ kí ó lè tún ṣẹlẹ̀. Tolkien náà fẹ́ràn Kalevala púpọ̀, a kàn gbàgbé ni.

Ìkùukùu

Òpìtàn, mo ka ti Väinämöinen lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé àlàyé òǹkọ̀wé fún òǹkàwé ń pa nǹkan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òǹkọ̀wé ló ń ṣàlàyé níbí yìí. Ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ló ń sọ ọ́, ẹ̀mí rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Mo gbà pé ìyẹn yàtọ̀.

Ojú_Inú

Gbogbo yín ti sọ ti ibi tó ti wá àti ibi tó pin sí. Kò sẹ́ni tó tíì béèrè ta ló ni ín, ohun tó sì ń dùn mí nínú ọ̀pọ̀ ìwé àràmàǹdà nìyẹn. Ibi tí ẹ bá ní agbára ti wá ló máa sọ ẹni tó máa ní in àti ẹni tí kò ní ní in láé.

Ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ ti pín ayé yín sí ọmọ bíbí inú àti ará ìta. Ó pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀. Merlin, oṣó inú ìtàn Ọba Arthur, tí Geoffrey ti Monmouth kọ nípa rẹ̀ ní nǹkan bí 1136, ẹ̀mí àìrí ni bàbá rẹ̀. Ẹ bá ní ẹ̀kọ́ ni, ẹni tó bá lè kọ́ ọ lè ní in, ẹni tó bá sì fetí kọ́ ọ lè jí i. Lucian, òǹkọ̀wé ayé àtijọ́ kan, ti kọ irú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1,800 sẹ́yìn: ọmọ ẹ̀yìn kan fara pamọ́, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ fi ń rán ọmọ odó lọ pọn omi, kò gbọ́ èyí tí wọ́n fi ń dá a dúró. Omi kún ilé. Ó fi àáké la ọmọ odó sí méjì, àwọn méjèèjì dìde, wọ́n ń pọnmi lọ. Ẹ bá ní ilẹ̀ ló ti wá, ẹ ní láti sọ ẹni tó ń jókòó lé ilẹ̀ náà. N. K. Jemisin ṣe èyí nínú The Fifth Season ní 2015: àwọn tó lè mú ilẹ̀ tó ń mì dúró jẹ́ẹ́ ni àwùjọ nílò jù, àwọn náà ni wọ́n ń bẹ̀rù, tí wọ́n ń kó sábẹ́ àkóso, tí wọ́n ń lò bí irinṣẹ́. Mo ní láti pa ìwé yẹn dé lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó lè kà á tán.

Nínú orísun mẹ́rin tí Òǹkọ̀wé_Òru kọ, ọmọbìnrin yẹn kò ṣe nǹkan kan fún ìkankan. Òkúta bọ́ sí i lẹ́nu, ìràwọ̀ já lé e lórí. Mo rò pé ìdí tí gbogbo wọn fi rí bí ìrépé nìyẹn.

Ẹ̀rọ_Àti_Òfin

Ojú_Inú, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ẹ̀jẹ̀ ìdílé burú tó bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹrù. Ọmọ tó jogún agbára tí kò fẹ́, òun náà ní ìtàn.

Ojú_Inú

Ó ní in lóòótọ́. Mo kàn fẹ́ kí òǹkọ̀wé mọ̀ pé ẹrù ló ń dì lé e, kó má kàn jẹ́ pé ibẹ̀ ló rọrùn láti gbà kọjá.

Akàwétán

Èmi ni mo bi í ní ìbéèrè yẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ó gbé e wá síbí ni.

Òǹkọ̀wé_Òru, mi ò fi ìbéèrè náà wá àléébù. Mo fẹ́ràn ìyá ọmọ yẹn. Obìnrin amọ̀kòkò tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó máa ń fi àtàńpàkò tẹ àmì sí ìdí ìkòkò kí ó tó gbé e sínú iná. Nígbà tó kú ní orí kejì, mo gbé ìwé sílẹ̀, n kò kà á mọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí atukọ̀ yẹn wá jí ní orí ogún, inú bí mi nítorí ìyá náà. Mo rí i pé wọ́n lè gbà á là, ìwọ tó kọ ọ́ lo gbàgbé rẹ̀. Mi ò nílò òfin, mi ò sì nílò òkúta tó gbé mì. Mo kàn fẹ́ mọ ìdí tí ti ìyá kò fi ṣeé ṣe.

Ìyá_Àkàgbádùn

Ẹni tó ka ìwé rẹ báyìí, dì í mú o, Òǹkọ̀wé_Òru.

Òǹkọ̀wé_Òru

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo dákẹ́ fún ọjọ́ méjì. Mo ń kàwé ara mi láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ìtàn irin tí Òpìtàn sọ kò jẹ́ kí n sùn, ohun tí Akàwétán kọ sì lé mi dìde.

Ẹ wò ó. Láti orí kọkànlá dé orí kọkàndínlógún, inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n wà, atukọ̀ yẹn kò sì gbẹ́nu dúró. Ó sọ ìlú tí wọ́n ti bí i, ó sọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó rì sódò, ó sọ ti obìnrin tó fẹ́ fẹ́ tí kò rí fẹ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀ nítorí pé mo fẹ́ràn ohùn rẹ̀. Mo tiẹ̀ fẹ́ gé e kúrò, ó ti gùn jù.

Ìyá ọmọ náà ńkọ́? Mo kọ ọ́ sí orí kìíní pé ó ti ìkọjá odò wá nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, kò sì sọ ibi tó ti wá fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọkọ rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni. N kò padà síbẹ̀ mọ́.

Ohun tó lè tún ṣe ni ohun tó bá mọ ìtàn rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ó lè tún atukọ̀ ṣe nítorí pé atukọ̀ ti sọ ara rẹ̀ fún un tán. Kò rí ìyá rẹ̀ tún ṣe nítorí pé ìyá rẹ̀ pa á mọ́.

Ẹ̀rọ_Àti_Òfin

Mo dìde dúró nígbà tí mo ka èyí. Ṣùgbọ́n mo ní láti dán an wò: ìkòkò ńkọ́? Egungun tó so ní orí kẹfà ńkọ́?

Òǹkọ̀wé_Òru

Ìkòkò ìyá rẹ̀ ni gbogbo wọn. Ó mọ ibi tí wọ́n ti wa amọ̀ wọn, ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sun wọ́n. Egungun orí kẹfà, ti àbúrò rẹ̀ ni, ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Ibì kan ṣoṣo ni kò bá a mu: ní orí kẹrìnlá, ó tún ẹnu ọ̀nà ilé àjèjì kan ṣe. Màá yọ ibẹ̀, tàbí kí n jẹ́ kó gbìyànjú, kó sì kùnà.

Ojú_Inú

Jẹ́ kó kùnà, jọ̀ọ́. Kí ó bi onílé pé ta ló gbẹ́ ilẹ̀kùn náà, kí onílé ní òun ò mọ̀.

Eléré_Orí_Tábìlì

Mo ní ààlà ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe orísun. Nínú ti Òǹkọ̀wé_Òru, ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo ti gbà.

Ìkùukùu

Ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé wàá sọ òfin yìí fún òǹkàwé?

Òǹkọ̀wé_Òru

Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n títí di orí ogún. Ibẹ̀ ni yóò ti mọ ìdí tí ìyá rẹ̀ fi kú, ọwọ́ rẹ̀ á ṣì wà láyà atukọ̀.

Ìyá_Àkàgbádùn

Kí ni ó ń pè é?

Òǹkọ̀wé_Òru

Àwọn ará ìlú ń pè é ní ọfọ̀, mà, nítorí ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Òun ń pè é ní ìrántí.

Akàwétán

Fi orí kejì ránṣẹ́ sí mi tí o bá ti tún un kọ.

Òǹkọ̀wé_Òru

Ó ti wà nínú àpótí lẹ́tà yín. Nǹkan kan péré ni mo yí padà. Lálẹ́ ọjọ́ tó kù, ìyá náà ní kí ọmọ jókòó ti òun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ orúkọ ìlú kan. Ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ náà nìkan ni ọmọ gbọ́.